Kí Ló Dé Tí Òòyì Fi Ń Kọ́ni Nígbà Tí A Bá Dùbúlẹ̀?

Bí ara ẹnìkan kò bá yá, ibùsùn ni gbogbo ilé máa ń tọ́ka sí fún un: "Ẹ lọ rọra sùn, ara á fúyẹ́." Ṣùgbọ́n òòyì kan wà tó jẹ́ pé orí ibùsùn gan-an ló ti ń ká èèyàn mọ́. Ènìyàn á sùn láìsí wàhálà, á fẹ́ yíra láti ìhà òsì sí ìhà ọ̀tún ní ìdájí, lójijì àjà ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírí bírí, ògiri á máa sáré tẹ̀lé ògiri, inú á sì máa ru bí ẹni fẹ́ bì. Á di ẹní mú gírígírí bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lórí ọ̀sà nígbà tí ìjì ń jà. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Bí ó bá tún yíra, á tún bẹ̀rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, òòyì yìí a máa bá èèyàn níbi tí kò ti retí rẹ̀: nígbà tí ẹni tó ń kírun bá forí kanlẹ̀, tàbí nígbà tó bá gbé orí kúrò nílẹ̀, nígbà tí obìnrin bá na ọrùn sẹ́yìn kí wọ́n lè bá a fọ irun, nígbà tí oníṣòwò ní ọjà Ouando bá gbójú sókè láti fa aṣọ yọ lórí pẹpẹ tó ga jù. Ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ará àdúgbò ni pé "tánsíọ̀n ni," tàbí pé "ẹ̀jẹ̀ ò tó lára yín." Èrò tèmi nínú àròkọ yìí ni pé òòyì ti ibùsùn kò kan ẹ̀jẹ̀. Ohun kan ló kúrò ní àyè rẹ̀ nínú etí, bó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, a ní láti wá bí a ṣe máa dá a padà, kì í ṣe bí a ṣe máa gbé oògùn mì.

Kí a tó wọ inú etí, ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ tí ahọ́n máa ń dà pọ̀. Òòyì wà, ojú ṣíṣú náà wà. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣú, ayé kò yí fún un. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fa aṣọ dúdú bò ó lójú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì fẹ́ gbà á mọ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá dìde lójijì, tó bá pẹ́ nínú oòrùn láìmu omi, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá kéré, tàbí tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò bá le jù fún un. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gun orí kò tètè débẹ̀ ni. Bí ó bá dùbúlẹ̀, orí àti ọkàn á wà ní ìpele kan náà, ẹ̀jẹ̀ kò ní òkè tó máa gùn mọ́, ojú á sì là. Ẹni tí òòyì kọ́ yàtọ̀ sí èyí: ojú rẹ̀ là kedere, ṣùgbọ́n ohun tó ń rí kò dúró sójú kan. Nínú òòyì tí à ń sọ yìí, dídùbúlẹ̀ ló ń jí i. Bó bá jẹ́ pé àìtó ẹ̀jẹ̀ nínú orí ló ń fà á, ibùsùn ì bá jẹ́ oògùn rẹ̀, kò sì ní jẹ́ ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ka ẹ̀rí yìí sí pàtàkì ju gbogbo ẹ̀rí yòókù lọ, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè wò ó lára ara rẹ̀ láìná fáránkì kan. Àwọn tó ń sọ Faransé sábà máa ń pe méjèèjì ní vertige, nítorí náà bí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ má fi mọ sórí orúkọ yẹn: ẹ sọ fún un bóyá yàrá ló ń yí, àbí ojú ló ń ṣú, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ń ṣe gan-an nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé: "Ṣùgbọ́n wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá mi lọ́jọ́ náà, ó sì ga." Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà, òòyì yìí náà sì wọ́pọ̀ láàárín wọn. Bí méjì bá pàdé lára ẹnìkan, ìyẹn kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó ti bì lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹ̀rù ikú ń bà, tí wọ́n sì gbé sáré dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè ṣe kó má ga ní wákàtí yẹn. Ìpayà ló gbé e sókè. Kí wọ́n tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru nítorí jàǹbá tí òun fúnra rẹ̀ lè ṣe. Bí a bá di ẹ̀bi òòyì rù ú, a ó máa fi oògùn kún oògùn, àjà ilé kò sì ní yéé yí.

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ẹ̀bi yìí. Ní ilẹ̀ Faransé, títí di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé ẹ̀jẹ̀ tó ya bo ọpọlọ ló ń gbé èèyàn ṣubú pẹ̀lú òòyì, nítorí náà wọ́n ń fi abẹ àti eṣúṣú fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn dànù. Ní oṣù kìíní ọdún 1861, Prosper Ménière, dókítà àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Paris, dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn àgbà oníṣègùn ìlú náà, ó sì sọ pé inú etí ni òòyì tí òun ń rí ti ń wá. Àìsàn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí kì í ṣe tiwa. Ìyẹn lè pẹ́ fún wákàtí, ó sì ń ba ìgbọ́ràn jẹ́. Síbẹ̀ òun ló yí ojú àwọn ènìyàn kúrò lára ẹ̀jẹ̀ sí etí. Ṣáájú rẹ̀, láàárín ọdún 1820 sí 1830, ọmọ ilẹ̀ Faransé mìíràn tó ń jẹ́ Pierre Flourens ti gé àwọn òrùka kéékèèké kan tó wà nínú etí ẹyẹlé. Àwọn ẹyẹlé náà ṣì ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n orí wọn kò dúró mọ́: ìhà tí òrùka tó gé dojú kọ ni orí ẹyẹ náà ń fì sí. Òrùka wọ̀nyí ni ó yẹ kí a mọ̀ dáadáa, torí àwọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Nínú etí kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìlù etí, nínú ọ̀kan lára àwọn egungun tó le jù lọ lára, òrùka mẹ́ta wà tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àtàǹpàkò lè bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Omi ló kún inú wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní òrùka omi. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ sílẹ̀ bí abọ́, ó ń ṣọ́ orí tí ń mì bí ẹni tó ń sọ pé rárá. Àwọn méjì tó kù nàró, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, wọ́n ń ṣọ́ orí tí ń mì bí ẹni tó ń gbà, àti orí tó ń fì sí èjìká. Lójú kan lára òrùka kọ̀ọ̀kan, aṣọ ìkélé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dábùú ọ̀nà omi. Àwọn irun tín-ín-tín-ín, tí a ó pè ní irun ajíṣẹ́, fi orí bọ inú ìkélé yìí. Bí ìkélé bá fì, irun á tẹ̀, iṣan tó wà ní ìdí rẹ̀ á sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Kí ló ń mú ìkélé fì? Ẹ bu omi sínú abọ́, ẹ fi ewé kékeré kan lé e lórí, kí ẹ sì yí abọ́ náà lójijì. Abọ́ á yí, ewé kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan, nítorí pé omi kì í tètè tẹ̀lé abọ́. Bákan náà ni orí ṣe ń yí tí omi inú òrùka ń fà sẹ́yìn, tí omi tó fà sẹ́yìn yìí sì ń ti ìkélé. Bí ẹ bá ń yí abọ́ lọ láìdúró, omi á bá a yí nígbà tó bá yá. Bí ẹ bá wá dá abọ́ dúró, omi kò ní dúró, á ṣì máa lọ. Àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ mọ ẹ̀kọ́ yìí lára wọn. Bí Zangbeto, ọdẹ òru àwọn Ògù, bá jáde, tí aṣọ koríko rẹ̀ sì ń yí ní gbàgede, lẹ́yìn tó bá lọ tán ẹ ó rí àwọn ọmọdé nínú àgbàlá tí wọ́n na apá, tí wọ́n ń yí, tí wọ́n dúró gbọnyin, tí wọ́n sì ṣubú pẹ̀lú ẹ̀rín. Ara wọn ti dúró, ṣùgbọ́n omi inú òrùka ṣì ń yí, ọpọlọ sì gba ohun tí omi sọ gbọ́.

Òrùka omi kì í bá ọpọlọ nìkan sọ̀rọ̀. Ó ń darí ojú pẹ̀lú. Bí orí bá yí sí ọ̀tún, ojú á yí sí òsì ní ìwọ̀n kan náà láìjẹ́ pé a rò ó. Èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn ọ̀kadà zémidjan lórí ọ̀nà oníkòtò ṣì lè ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ronú wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí òrùka bá sọ pé orí ń yí nígbà tí orí kò yí. Ojú á gbọ́ràn sí i lẹ́nu, á sá lọ sí ìhà kan, á fò padà, á tún sá lọ. Ìgbọ̀n ojú la ó pe èyí. Nítorí pé ojú ló ń sá, yàrá ló dà bíi pé ó ń yí. Etí kejì ń sọ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìn tó fara kan ẹní ń sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ìròyìn wọn kò bára mu, inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru.

Òrùka mọ yíyí, ṣùgbọ́n kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ta ló wá ń sọ fún wa nínú òkùnkùn biribiri pé a nàró ni, àbí a dùbúlẹ̀? Àpò méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní ìdí àwọn òrùka, a ó sì pè wọ́n ní àpò ìwọ̀n. Nínú wọn, irun ajíṣẹ́ wà lábẹ́ ohun kan tó dì bí àkàsà tútù, yanrìn wúńwúńwú sì wà lórí àkàsà náà. Yanrìn yìí wúwo ju omi tó yí i ká lọ. Bí orí bá tẹ̀, yanrìn á fa àkàsà sí ìsàlẹ̀, irun á tẹ̀, ọpọlọ á sì mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Yanrìn etí ni mo pè é, ṣùgbọ́n kò wá láti inú ilẹ̀. Ara ló ṣe é, láti inú irú ohun kan náà tó di èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ rẹ̀ ló wà nínú àpò kan, ojú lásán kò sì lè rí ẹyọ kan ṣoṣo. Ènìyàn kò lè nàró dáadáa láìsí i. Bó bá wà lórí àkàsà rẹ̀, kò sí wàhálà.

Wàhálà dé nígbà tí díẹ̀ nínú yanrìn náà bá tú kúrò lórí àkàsà, tó sì bọ́ sínú òrùka omi, níbi tí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. Òrùka ẹ̀yìn ló sábà máa ń bọ́ sí, nítorí òun ló wà nísàlẹ̀ jù bí a bá nàró àti bí a bá sùn, bí kòtò ìdí àgbàlá tí gbogbo iyẹ̀pẹ̀ ń ṣàn lọ. Níwọ̀n ìgbà tí orí bá dúró, yanrìn á jókòó sí ìsàlẹ̀ òrùka láìṣe nǹkan kan. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, ibi tó jẹ́ ìsàlẹ̀ á yí padà, yanrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lọ síbi ìsàlẹ̀ tuntun. Òrùka tóóró ni, nítorí náà yanrìn tó ń lọ á ti omi síwájú, bí igi inú abẹ́rẹ́ dókítà ṣe ń ti oògùn. Omi á ti ìkélé. Ìkélé á sọ pé orí ń yí kíkankíkan, bẹ́ẹ̀ orí wà lórí ìrọ̀rí jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá bu yanrìn díẹ̀ sínú ìgò omi, tí ẹ dé e, tí ẹ sì dorí rẹ̀ kodò, ẹ ó rí ìtumọ̀ ohun tí aláìsàn máa ń ròyìn. Yanrìn kì í ṣubú lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyí tí òòyì fi máa ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti dé ìsàlẹ̀, ó parí, ìdí nìyí tí òòyì kì í fi sábà pé ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá sì ń dojú ìgò kodò léraléra, yanrìn á fọ́n káàkiri, kò ní ṣubú pọ̀ mọ́; bákan náà ni òòyì ṣe máa ń dẹ̀ bí a bá yíra lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin. Kò sí ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣe tó bá ìtàn yìí mu bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà tó ń lo Faransé ń pe àìsàn náà ní VPPB. Òòyì ìyírapadà ni màá máa pè é.

Àwọn tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ṣe é lọ́jọ́ kan. Robert Bárány, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí etí, ṣàpèjúwe aláìsàn kan ní 1921 tí ojú rẹ̀ ń gbọ̀n bí orí rẹ̀ bá wà ní ipò kan. Ní 1952, Margaret Dix àti Charles Hallpike ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ọ́ di àyẹ̀wò tí gbogbo ayé ń lò títí dòní: aláìsàn á jókòó sórí ibùsùn, dókítà á yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan dé ìdajì ọ̀nà sí èjìká, á sì gbé e sùn kíá pẹ̀lú orí tó rọ̀ díẹ̀ kọjá etí ibùsùn, á wá wo ẹyin ojú. Etí tó wà nísàlẹ̀ nígbà tí ojú bá gbọ̀n ni etí tó ní yanrìn. Ní 1969, Harold Schuknecht ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé yanrìn tó lẹ̀ mọ́ ìkélé ló ń fà á. Àwọn mìíràn sọ lẹ́yìn náà pé kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, inú omi ló ń rìn kiri. Ní 1992, Lorne Parnes àti Joseph McClure ní Kánádà gbé ìròyìn jáde pé nígbà tí wọ́n ṣí òrùka ẹ̀yìn aláìsàn lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi ojú wọn rí yanrìn tó ń léfòó nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Àjàṣẹ́ ni yóò ronú kan ayé nígbà tí òòyì bá dé lóru, láìsí ibà, láìsí ọgbẹ́, tó sì lọ bó ṣe dé. N kò ní fi èrò wọn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n dẹ́rù bani lóòótọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí wọ́n bi ara wọn: ṣé òru ló ń mú un wá ni, àbí yíyíra? Kí ẹni náà dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn ní ọ̀sán gangan, lórí ẹní, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí àti ẹbí lọ́dọ̀ rẹ̀. Òòyì á dé. Kí ó dúró ṣánṣán láàárín òru, láìmi orí. Òòyì kò ní dé. Ohun tó ń tẹ̀lé ìdúró orí báyìí, tí kò bìkítà nípa aago, ohun tó ń ṣubú ni ẹ jẹ́ ká fura sí.

Ìtọ́jú náà wá yé wa. Àwọn àgbà mọ̀ pé bí orógbó bá bọ́ sínú kèǹgbè ọlọ́rùn gígùn, ẹni tó ń gbọ̀n ọ́n kò ní rí i mú jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń tẹ kèǹgbè, wọ́n á dúró kí ó yí dé ìkọ́, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ sí ibòmíràn, títí á fi já sí ẹnu. Òrùka omi rí bẹ́ẹ̀. Ìkélé ti dí ọ̀nà kan, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tó padà sínú àpò ìwọ̀n, yanrìn sì gbọ́dọ̀ yí òrùka náà ká kó tó débẹ̀. John Epley, dókítà etí ní ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, ló ronú báyìí. Láti nǹkan bí 1980 ló ti ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ kò sì gbà á gbọ́: wọ́n ń bi í bóyá yíyí orí nìkan lè wo ohun tí wọ́n ti ń fi oògùn àti abẹ lé kiri. Ọdún 1992 ni ìwé ìmọ̀ ìṣègùn tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní 2014, àwọn alákòójọ ìwádìí Cochrane fi ìyípo Epley wé ìyípo ẹ̀tàn àti àìṣe ìyípo kankan, wọ́n sì rí i pé àwọn tí òòyì wọn lọ pátápátá pọ̀ láti 21 sí 56 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé etí ọ̀tún ló ní yanrìn. Ẹni náà á jókòó sórí ibùsùn, á na ẹsẹ̀, ìrọ̀rí á wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí èjìká máa bà lé, kì í ṣe níbi tí orí máa wà. Á yí orí sí ọ̀tún dé ìdajì ọ̀nà sí èjìká, á sì dùbúlẹ̀ kíá, kí orí rọ̀ díẹ̀ sẹ́yìn. Òòyì á dé níbí. Kó la ojú sílẹ̀, kó dúró títí á fi lọ, kó sì fi bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú kún un. Yanrìn ti kúrò nítòsí ìkélé nìyẹn. Láìgbé orí sókè, á yí i títí á fi wo òsì ní ìwọ̀n kan náà, á tún dúró fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà á yí gbogbo ara sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí orí bá ara lọ títí imú á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ ilẹ̀, á dúró bákan náà. Ìparí rẹ̀ ni kó dìde jókòó láti ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn, pẹ̀lú àgbọ̀n tó tẹ̀ sí àyà, kó sì jókòó díẹ̀ kí ó tó dúró, nítorí ara lè tì í bí yanrìn ṣe ń bọ́ sínú àpò. Bó bá jẹ́ etí òsì, gbogbo rẹ̀ á yí padà. Mo gbani níyànjú pé kí ìgbà àkọ́kọ́ wáyé lọ́wọ́ dókítà etí, tí wọ́n ń pè ní ORL, tàbí kiné, oníṣẹ́ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé, tó mọ̀ ọ́n. Òun ni yóò mọ etí tó jẹ́ àti òrùka tó jẹ́. Bí yanrìn bá wọ òrùka tó tẹ́, ìyípo yìí kò kàn án. Yíyí gbogbo ara bí ìtì igi ni wọ́n ń lò fún ìyẹn. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ ti gan, tó ti ní ìpalára ọrùn, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún kò gbọdọ̀ dá a ṣe. Fún ẹni tí ọrùn ń yọ lẹ́nu, ìyípo mìíràn wà tí kò béèrè pé kí ọrùn rọ̀ sẹ́yìn, bí èyí tí Alain Semont, kiné ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní 1988.

Oògùn ńkọ́? Ní gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ẹni tó bá pe vertige ní ilé oògùn lè bá acétylleucine tàbí bétahistine jáde, àìlóǹkà ènìyàn ló sì máa búra pé òun ló wo àwọn sàn. Ẹ padà wo òǹkà Cochrane yẹn. Nínú àwọn tí wọn kò yí ní ọ̀nà tó tọ́, 21 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ lọ́wọ́ òòyì láìsí ìtọ́jú gidi, nítorí yanrìn lè rìn jáde fúnra rẹ̀, ó sì lè yọ́. Ẹni tó gbé oògùn mì ní ọ̀sẹ̀ yẹn á fi ọpẹ́ fún oògùn. Kò sí oògùn tí a lè gbé mì tó ń gbé yanrìn láti ibì kan dé ibòmíràn. Àwọn kan a máa dín inú ríru kù fún ọjọ́ kan tàbí méjì, n kò sì bá ẹni tó ń bì jà nítorí ìyẹn; ṣùgbọ́n ìlànà tí àwọn dókítà etí ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2008, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2017, kọ̀ kí wọ́n máa fi oògùn tó ń mú kí iyè etí rọlẹ̀ tọ́jú àìsàn yìí. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń mú oorun wá, ìyá àgbà tí oorun ń kùn lè ṣubú kí egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Ìlànà kan náà sọ pé fọ́tò inú orí kò pọn dandan bí àmì àìsàn bá hàn kedere, ọ̀rọ̀ tó wúwo fún ìdílé tó ń ṣírò owó scanner.

Tí ó bá lè lọ fúnra rẹ̀, ṣé kí a kàn dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ dúró dè é? Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà míì oṣù. Láàárín àkókò yẹn, ẹni tó ń gun àkàbà, ẹni tó ń wa zémidjan àti àgbàlagbà tó ń dìde lóru lọ sí ilé ìtọ̀ wà nínú ewu gidi. Ìbẹ̀rù mìíràn ni pé yíyíra á tún da yanrìn náà sílẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú, nítorí náà àwọn kan ń sùn lórí àga. Wọ́n ti wádìí èyí, kò wúlò. Ẹni tí wọ́n ti yí lè sùn bó ṣe fẹ́.

Àmọ́ gbogbo ohun tí mo ti sọ dúró lórí pé òòyì náà kúrú, pé orí tó yí ló ń jí i, àti pé ara dá ṣáṣá láàárín ìgbà kan sí èkejì. Bí ẹnu bá wọ́, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá kú tipiri, bí ẹni náà bá ń rí nǹkan ní méjì-méjì, bí orí fífọ́ tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí bá bá a dé, tàbí bí kò bá lè rìn rárá, àrùn rọpárọsẹ̀ lè ni, wákàtí kan ṣe pàtàkì. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ní Porto-Novo tàbí ní CNHU ní Kútọnu, láìdúró yí orí kankan. Òòyì tó bá ń yí fún wákàtí láìdá, etí tó di lójijì, tàbí dídákú, àwọn náà kì í ṣe tiwa.

Kí ló ń tú yanrìn? Ọjọ́ orí ni àkọ́kọ́: lẹ́yìn 50 ọdún ló wọ́pọ̀ jù, ó sì ń bá obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ìwádìí kan ní Jámánì tó jáde ní 2007 sọ pé nínú àgbàlagbà 1,000, nǹkan bí 24 ló ti bá a pàdé rí. Láàárín ọ̀dọ́, orí tó fara gbá ló sábà ń fà á, nítorí náà akoto orí ọ̀kadà ń dáàbò bo yanrìn etí náà, kì í ṣe agbárí nìkan. Ó tún jọ pé yanrìn yìí ń bá egungun kẹ́gbẹ́: nínú ìwádìí kan ní Kòríà tó jáde ní 2020, pẹ̀lú aláìsàn 957, àwọn tí wọ́n fún ní fítámì D àti kálsíọ̀mù nígbà tí tiwọn kò tó rí òòyì náà padà ní ìwọ̀n tó fi bí ìdámẹ́rin dín sí ti àwọn yòókù. Nítorí ó máa ń padà. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní i ló máa tún rí i láàárín ọdún márùn-ún. Ẹni tó ti mọ etí rẹ̀ àti ìyípo rẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí tánsíọ̀n lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn ìyípo, ilẹ̀ lè dà bíi pé ó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, bí ọpọlọ ṣe ń tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe. Kí ẹni náà máa rìn nínú ilé àti ní àgbàlá, kí ó má jókòó sójú kan. Mùsùlùmí tí ìforíkanlẹ̀ ń yọ lẹ́nu lè jókòó kírun ní àwọn ọjọ́ yẹn, kí ó máa fi orí ṣe àmì. Ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó jókòó sórí ibùsùn, kí ó yí orí sí etí tó ń dà á láàmú, kí ó sì tún dùbúlẹ̀ bí ti àyẹ̀wò, kí ó la ojú rẹ̀ sí àjà, kí ó ka ọgbọ̀n. Bí àjà bá ṣì yí, yanrìn díẹ̀ ṣẹ́kù nínú òrùka, kí wọ́n tún ìyípo náà ṣe.